Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè ya fọ́tò ní Daikoku láì rí ẹnikẹ́ni fín?

Ẹ̀yin ará wa ní Japan, ẹ jọ̀ọ́. Yokohama ni mo wà títí di Sátidé tó ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí àwọn ọkọ̀ tó máa ń pé jọ sí Daikoku, ibùdó ìsinmi àwọn awakọ̀ tí afárá márosẹ̀ lọ́ yí ká bí ejò.

Ẹlẹ́sẹ̀ ò lè wọ ibẹ̀, márosẹ̀ nìkan ni ọ̀nà. Mo gbé takisí lọ lálẹ́ Sátidé, ọlọ́pàá ti ti ẹnu ọ̀nà ká tó dé. Mo padà lọ láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo wọlé. Bí mo ṣe gbé fóònù sókè sí ọkọ̀ Nissan Skyline aláwọ̀ búlúù kan, ẹni tó ni ín fi apá méjèèjì dábùú ara wọn láyà: rárá nìyẹn. Mo tẹríba, mo ki fóònù bọ àpò. Ó dùn mí títí mo fi délé. Mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ: ṣé nọ́ńbà ọkọ̀ ni kò fẹ́ kó hàn, àbí ó yẹ kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè? Kí ni kí n sọ gan-an lédè wọn kí n tó yà á?