Ọ̀gá mi ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kóòdù yẹn mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á, láti ìjẹta ni inú ti ń bí mi.

Iléeṣẹ́ kékeré kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa la ń ṣe sọ́fúwià táwọn súpámákẹ́ẹ̀tì fi ń tajà, èyí tó ń ṣírò owó, tó sì ń tẹ rìsíìtì. Bọ̀dá tó kọ́kọ́ kọ kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ti japa lọ sí Kánádà lọ́dún 2021, kì í gbé fóònù mọ́. Ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀ fún mi: fáìlì kan tó ń jẹ́ sale.php, ìlà 4,812. sale2.php tún wà. sale_new.php wà. sale_new_FINAL.php náà wà. Ẹ má bi mí pé èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, gbogbo wọn ni. Variable, ìyẹn orúkọ tá a fi ń tọ́jú nǹkan nínú kóòdù, ń jẹ́ $a, òmíràn ń jẹ́ $aa, ìkẹta $temp2. Àlàyé kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo fáìlì náà, ní ìlà 2,190: "MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN". Kò sọ ìdí. Mo fi ẹ̀rọ wọn function kan níbẹ̀, ìyẹn apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan tó sì lórúkọ tirẹ̀, ó ní ojú ọ̀nà 143 ló pín sí.

Mo ní kí ọ̀gá fún mi lóṣù mẹ́ta kí n tún gbogbo ẹ̀ kọ. Ó ní, "Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" Báyìí ó ti ní ohun tí oníbàárà ò bá béèrè, n ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ laago mọ́kànlá alẹ́, èmi náà ni wọ́n máa pè. Ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí laptop ni mo wà lẹ́yìn ilé, ìrẹsì mi tutù, eṣinṣin bà lé ẹran. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ wá ń pè mí ní "Ọ̀gbẹ́ni Wolé-wolé". Kódà ìgbà méjì ni mo ti fowó ara mi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ wọn.

Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kí n máa jí i tún kọ lálaalẹ́?

Ìyá Ìbejì Leeds
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kó o tó fiṣẹ́ sílẹ̀: ṣé ẹ ní Git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù? Ṣé test kankan wà, tó ń yẹ kóòdù wò bóyá ó ṣì ń ṣe bó ṣe yẹ? PHP tẹ́ ẹ fi kọ ọ́, ẹ̀dà wo ni? Báwo ni kóòdù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà? A ti gbọ́ nípa ìrẹsì, a ò tíì gbọ́ nípa ìwọ̀nyí.

Bàbá Kọ́bọ̀
Àbúrò, tìẹ kéré. Ní February 2020 tí ìjọba gbé VAT, owó orí ọjà, láti 5% sí 7.5%, kóòdù tí mo bá níbi iṣẹ́ mi, 0.05 fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ojú ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Mo fi "wá a kó o pààrọ̀ rẹ̀" yí gbogbo wọn pa dà lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀kan nínú 0.05 yẹn kì í ṣe VAT, ẹ̀dínwó 5% fáwọn tó ń ra ọjà ní páálí ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi ń fún wọn ní ẹ̀dínwó 7.5%. Kò sẹ́ni tó ké. Ta ló máa ké? Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà tí kò bá lórúkọ, èmi kì í gbà á láyè nínú kóòdù mi.

Aríyọ̀ Berlin
Da gbogbo ẹ̀ nù, jàre. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láyé tá a wà yìí, PHP?

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kò sí kóòdù tẹ́ ẹ bá nílẹ̀ tẹ́ ẹ kì í bú. Ọdún mẹ́ta sí i, ẹlòmíì á ṣí tìrẹ náà, á sì dìgbe. Ẹni tó kọ sale.php yẹn, owó oṣù rẹ ló ń jáde níbẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
@Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Git wà, láti 2019. Test kò sí, ta ló máa kọ test fún irú pàǹtírí yìí? PHP 5.6 ni.

@Ẹ̀gbọ́n, èmi ò bú ẹnikẹ́ni, mo kàn sọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Sísí Táípù
5.6! Wọ́n ti jáwọ́ lára ìyẹn láti ìparí 2018, kódà bí ihò tí olè lè gbà wọlé bá wà lára rẹ̀, wọn ò dí i mọ́. Ṣé mysql_query náà lẹ ṣì fi ń bá database, ibi tí àkọsílẹ̀ ọjà wà, sọ̀rọ̀? Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láti PHP 7.0, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gòkè sí ẹ̀dà tuntun, gbogbo ilé ló máa wó lulẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Òun ni. Ẹ rí i pé mi ò parọ́.

Aríyọ̀ Berlin
Ẹ̀rí ti yọjú. Tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Leeds
Aríyọ̀, ohun tí Netscape, tó ń ṣe bíráwúsà tá a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe nìyẹn. Ẹ̀dà 4 jáde ní 1997, wọ́n wá ní kóòdù náà ti dọ̀tí jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ilẹ̀. Ẹ̀dà 5 ò jáde rárá. Ìgbà tí ẹ̀dà 6 fi máa dé ní November 2000, Microsoft ti kó ọjà lọ.

Aríyọ̀ Berlin
Kóòdù tuntun yẹn náà ló bí bíráwúsà Firefox o, ẹ má fi ìdajì ìtàn pa wá.

Ìyá Ìbejì Leeds
Firefox 1.0, November 2004. Ṣé ọ̀gá rẹ̀ á lè sanwó oṣù fún ọdún mẹ́fà kó tó rí Firefox tiẹ̀?

Bàbá Kọ́bọ̀
Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ lóhùn.

Ìyá Ìbejì Leeds
Ó dáa. Ojú ọ̀nà 143 tó o kà yẹn, Thomas McCabe tó gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀ ní 1976, 10 ló fi ṣààlà. Nítorí náà o ò parọ́, ó burú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn ò lè sọ ibi tó ń dùn yín fún ẹ. Lọ tẹ èyí:

git log --format= --name-only | sort | uniq -c | sort -rn | head

Á sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tọwọ́ bọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dọ̀tí tẹ́ ẹ sì ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, òun lẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú. Èyí tó dọ̀tí àmọ́ tẹ́nì kan ò gba ibẹ̀ kọjá, fi í sílẹ̀ kó máa sùn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Háà. sale.php, 412. sale2.php, 6. sale_new.php, 3. sale_new_FINAL.php, 2.

Bẹ́ẹ̀ sale_new_FINAL yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí orí fọ́ mi jù.

Ìyá Ìbejì Leeds
Nítorí ò ń wò ó ni. Yé wò ó.

Olóyè Data
Mi ò ka gbogbo ẹ̀ tán o. Ṣé ẹ ní Git ṣá? Fún AI ní fáìlì yẹn kó tún un kọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Sísí Táípù
Olóyè, lọ kà á tán. Ìlà 4,812 láìsí test, AI á tún un kọ, ta ló máa mọ̀ bóyá ó tọ̀nà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. O ní "báyìí" ló ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí ló ń sọ tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó kàn yí ọkàn pa dà ni. Ọ̀gá tí kò mọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe.

Bàbá Kọ́bọ̀
Ọ̀gá kì í déédéé yí ọkàn pa dà lórí kóòdù tí kò lè kà. Kí lo ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò
A ń dúró o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó dáa, màá sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní kí n kàn gbálẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Editor tí mo fi ń kọ kóòdù máa ń fi àwọ̀ eérú kun function tẹ́nikẹ́ni ò pè. Mẹ́rìndínlógún ni mo rí. Ọ̀kan ń jẹ́ risiti_58. Mo wá orúkọ yẹn kiri gbogbo fáìlì, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ nìkan ni mo ti rí i. Mo pa gbogbo wọn rẹ́, mo gbé e lọ sórí server, kọ̀ǹpútà táwọn oníbàárà ń lò, mo lọ sílé. Àṣé ohun tó wà ní ìlà 3,077 ni:

$f = 'risiti_' . $iwon; $f($oja);

Ìdajì orúkọ function yẹn, 58, wà nínú database, ìlà yìí ló ń so ó mọ́ risiti_! Bébà 80 mm ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń lò, àfi ẹ̀ka oníbàárà wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ̀rọ tiwọn kéré, bébà 58 mm ló ń gbà. Láti àárọ̀ Sátidé di alẹ́ Sọ́ńdè, wọn ò rí rìsíìtì tẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Oníbàárà náà ní òun ò san tòṣù yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo kọ $f yẹn o.

Bàbá Kọ́bọ̀
Lọ́jọ́ Jímọ̀!

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò
Ìwọ lo wá ń sọ fún wa pé ọ̀gá ò mọ iṣẹ́.

Aríyọ̀ Berlin
Ó dáa, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Má tún nǹkan kan kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Leeds
Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, kò sẹ́ni tí irú ẹ̀ kì í ṣe nínú wa. Àmọ́ àbúrò, èyí tó o gbé pa mọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba ọ̀gá rẹ ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta tó ò ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn, o ò lè rí i gbà mọ́. Má tọrọ ẹ̀.

Ohun tí máa ṣe ká ní èmi ni: VAT inú sale.php nìkan ni máa mú. Kí n tó yí lẹ́tà kan pa dà, máa fa ìtajà 200 jáde látinú database, máa gbé wọn gba inú kóòdù àtijọ́ kọjá, máa sì tọ́jú rìsíìtì tó bá tẹ̀ jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ì báà tọ̀nà, ì báà má tọ̀nà. Test rẹ nìyẹn, kọ̀ǹpútà tìẹ ni kó o ti ṣe é, kì í ṣe orí server. Lẹ́yìn náà ni wàá kó ìṣirò VAT sínú function kan ṣoṣo, wàá tún gbé 200 yẹn kọjá, wàá fi wọ́n wéra. Ọjọ́ tó o bá ń yí orúkọ variable pa dà, má yí ìṣirò pa dà lọ́jọ́ náà.

Èyí tó o bá sì rò pé ó ti kú, má kàn pa á rẹ́. Fi ìlà kan síbẹ̀ tó máa kọ̀wé sínú log, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí kóòdù ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá pè é, kó o wá dúró kọjá ìparí oṣù, kọjá ìgbà tí wọ́n máa ń ka ọjà.

Bàbá Kọ́bọ̀
Ẹ ṣeun mà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n.

Sísí Táípù
Bàbá, àwọn obìnrin wà níbí o 😂

Ọmọ Mọ́kọ́lá
(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe é, mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni. 197 nínú 200 bá ara wọn mu. Mẹ́ta fi kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ wo ọ̀kan: ọṣẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ₦465 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóòdù àtijọ́ ṣírò VAT ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, 34.875, ó sún un sí 34.88 kó tó rò wọ́n pọ̀, ó wá jẹ́ 104.64. Èmi ro owó ọṣẹ pọ̀ ná, ₦1,395, kí n tó ṣírò, ó jẹ́ 104.63. Tèmi ló tọ̀nà, àbí?

Aríyọ̀ Berlin
Kọ́bọ̀ kan! Ta ló ṣì ń ná kọ́bọ̀?

Ìyá Ìbejì Leeds
Akáńtáǹtì wọn ń ná an, tí ìwé ò bá báramu lópin oṣù. Iṣẹ́ tó o gbà kì í ṣe kó o tún ìṣirò wọn ṣe, kó o kó o síbi kan ni. Ṣe é bíi ti àtijọ́, kó o kọ ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀gá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó ti di 200 nínú 200. Mo ṣì gbà pé tèmi ló tọ̀nà ṣá. Lọ́la ni màá fi han ọ̀gá, tó bá ti gbà, màá gbé e sókè kíá.

Bàbá Kọ́bọ̀
Lọ́la, ọjọ́ wo nìyẹn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Jímọ̀.

Ìyá Ìbejì Leeds
Fi hàn án lọ́la. Mọ́ńdè ni kó o gbé e sókè.