Ahọ́n kọ́, ewé ni: orúkọ fún àwọn ẹ̀yà kílárínẹ́ẹ̀tì E-flat

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka ojú ìwé mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa ní ká bá àwọn yẹ̀ wò, ká lè fẹnu kò lórí orúkọ Yorùbá fún àwọn ẹ̀yà kílárínẹ́ẹ̀tì, fèrè gígùn tí a ń fi ẹnu fọn. Ìwé ìtọ́ni ni, fún ẹni tó ti ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì B-flat, èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó wá fẹ́ kọ́ ti E-flat, èyí tó kúrú jù ú lọ tí ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Àkọlé tí wọ́n fún un ni "Yíyan Ohun Èlò fún Ohun Èlò Orin", ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ pa mí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó mú mi jókòó kọ̀wé wà ní ojú ìwé kejì: "Fi ìdè de ahọ́n mọ́ ẹnu, kí o sì ti àgbá bọ̀ ọ́." Mo kà á sókè nílé, wọ́n bi mí pé ta ni wọ́n fẹ́ pa.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí a bá mú àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò nídìí nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n pàdé nínú àṣẹ kan ṣoṣo ni nǹkan dàrú. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí a tó fọwọ́ sí orúkọ kankan, ká fi pàṣẹ fún ẹni tí fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ká wo ohun tí yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń gbọ̀n tí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, èyí tó ń dá ohùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa pè é ní ahọ́n. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ wo bí olùkọ́ yóò ṣe sọ ọ́: "Fi ṣóńṣó ahọ́n kan ṣóńṣó ahọ́n, má fi ahọ́n dí ahọ́n." Ahọ́n ẹni tó ń fọn ún ń ṣiṣẹ́ lórí pẹlẹbẹ yẹn ní gbogbo ìgbà, kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹlòmíì dá "èèsún" lábàá, nítorí koríko gíga kan tó jọ èèsún, Arundo donax, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dáa, àmọ́ àwọn kan ti ń lo oníke báyìí. Ṣé "èèsún oníke" la máa wá sọ? Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Blatt, ewé nìyẹn. Èmi náà fara mọ́ ewé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń mì tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ.

Àmọ́ orúkọ ewé nìkan kò tó, àwọn apá ara rẹ̀ ń fẹ́ orúkọ tiwọn, ìyà rẹ̀ sì ti jẹ mí rí. Ewé E-flat kúrú ju ti B-flat lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọn E-flat máa ń ra ewé B-flat, wọ́n á gé e kúrú láti apá tó nípọn, tí ẹnu kì í kàn, wọ́n á sì wò ó bóyá etí rẹ̀ kò yọ síta. Mo ṣàlàyé èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lórí fóònù, mo ní, "Gé díẹ̀ kúrò lẹ́yìn ẹ̀." Ẹ̀yìn tí mo ní lọ́kàn ni ìparí. Ẹ̀yìn tó gbọ́ ni ojú pẹrẹsẹ tó ń sùn lé fèrè. Ló bá mú abẹ, ó fá ibi tó yẹ kó tẹ́jú bíi gíláàsì, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ yọ. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ ọmọ ajá mọ́lẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Látọjọ́ náà, mo ń sọ pé ṣóńṣó ewé, ìdí ewé, àti ikùn ewé fún ojú pẹrẹsẹ náà. Ìdí là ń gé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan ikùn.

Nọ́ńbà ara ewé ńkọ́, láti 1 dé 5? Agbára ni ìwé náà pè é, bí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ń pè é. Mi ò gbà. Bí ẹ bá pè é ní agbára, gbogbo ènìyàn ni yóò máa wá 5, nítorí ta ló fẹ́ èyí tí kò lágbára? Líle ni ká pè é. Ewé tó le kò dára ju èyí tó rọ̀ lọ. Bí àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ewé àti ẹnu fèrè bá ṣe fẹ̀ tó la fi ń yan líle rẹ̀.

Ìdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tó di ewé mú yìí, okùn lásán ni látijọ́, àwọn kan ní Jámánì ṣì ń fi okùn wé e títí dòní. Ọ̀já ni. Ó gbé ewé pọ̀n sẹ́yìn fèrè, bí ó bá dẹ̀, ewé á yọ̀, bí ó bá fún jù, ewé ò ní lè mí. "Má fún ọ̀já jù": kò sí ẹni tí a máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Ọ̀já B-flat sì tóbi jù fún E-flat, ẹ fi kún ìwé náà.

Fún ibi tí a ń fi sẹ́nu, "ẹnu fèrè" kò burú, ṣùgbọ́n fèrè ṣí lókè, ó sì ṣí nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnu ìfọn, ká sì pe ìsàlẹ̀ ní ìdí fèrè.

Àgbá, ìyẹn ẹ̀yà kúkúrú tó so ẹnu ìfọn mọ́ ara fèrè, ló le jù. Àwọn Faransé rí àgbá kékeré níbẹ̀, barillet. Àwọn ará Jámánì rí èso kan tí ìdí rẹ̀ wú, Birne. Kí ni àwa rí? Ẹnì kan ní ọrùn, mo fẹ́ràn rẹ̀, àfi pé sasofóònù ti ní ọrùn tirẹ̀, a ò sì ní fẹ́ kí àwọn méjèèjì jà. Èmi rí oríkèé: ibi tí ẹnu ìfọn ti pàdé ara, tí a ń fà jáde díẹ̀ tí ohùn bá ga jù. E-flat gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 49, B-flat tó 66. Nítorí náà, mìlímítà kan tí a bá fà lára èyí tó kúrú ń yí ohùn padà ju ti èyí tó gùn lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ní oríkèé méjì tí gígùn wọn yàtọ̀ díẹ̀.

Ó ku orúkọ fèrè náà fúnra rẹ̀. "Kílárínẹ́ẹ̀tì kékeré" ni ìwé náà lò, bí Faransé ṣe ń sọ petite clarinette. Àmọ́ kékeré ti wà nínú orúkọ látilẹ̀: clarinetto tí àwọn ará Ítálì sọ, "clarino kékeré" ni, clarino sì jẹ́ irú kàkàkí kan. A-flat tún wà tó kéré jù ú lọ. Òǹkàwé sì lè rò pé ọmọdé la ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ló ń làágùn lórí rẹ̀. "Omele kílárínẹ́ẹ̀tì" tí ẹnì kan mú wá wù mí, nítorí ọmọdé kọ́ ló ni omele. Ẹni tó ta kò ó ní omele kì í sọ̀rọ̀, ìró kan náà ló ń dì mú, kànàngó ló yẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀: nínú Boléro, orin ẹgbẹ́ olórin ńlá tí Ravel ará Faransé kọ ní 1928, E-flat ni fèrè kẹrin tó dá gbé orin náà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, omele ni mo dìbò fún. Bí wọ́n bá kọ E-flat sẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á kò ní ṣìnà.

Gbólóhùn ojú ìwé kejì rèé, bí mo ṣe tún un kọ: "Gbé ikùn ewé lé ẹnu ìfọn, kí ṣóńṣó méjèèjì dọ́gba. Wé ọ̀já mọ́ ọn, má fún un jù. Lẹ́yìn náà, rọra ti ẹnu ìfọn bọ oríkèé." Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á sókè nílé yín.