Ṣé mo lè fi àgbo ẹ̀dọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wa tí ó ń lo oògùn họ́móònù?

Ìyá Kabba béèrè:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Kabba ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Kánádà ni mo gbé wá síbí. Nígbà tí a bí i, ọkùnrin ni a pè é, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti kọjá báyìí tí ó ti sọ fún wa pé obìnrin ni òun, àwọn dókítà ọ̀hún sì ń fún un ní oògùn họ́móònù. (Èdè wa ràn mí lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: “ó” ni a fi ń pe ọkùnrin, “ó” náà ni a fi ń pe obìnrin. Orúkọ tuntun nìkan ni ó kù fún mi láti kọ́.)

Oògùn méjì ni ó ń gbé mì: estradiol, tí ó jẹ́ họ́móònù obìnrin, àti spironolactone, tí ó ń dí họ́móònù ọkùnrin lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, pé nọ́ńbà kan tí ó jẹ mọ́ ẹ̀dọ̀ gòkè díẹ̀, àti pé wọn yóò tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àyà mi já. Mo lọ sí ọjà, mo ra ẹ̀kún ike kan àgúnmu tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, orógbó, ewúro gbígbẹ, àti ìgò àgbo kan tí ó ń rùn bí ògógóró. Aládùúgbò mi kan ń lọ sí Toronto láìpẹ́, ó sì ti gbà láti bá mi gbé e.

Èwo nínú wọn ni ó lè lò pẹ̀lú họ́móònù láìséwu? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá mi jiyàn lórí irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́. A ti parí ìyẹn nílé.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú fèsì:

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ẹ má tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń sọ yẹn ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ALT tàbí AST, èròjà tí ó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń bá ẹ̀dọ̀ jà. Tí ó bá gòkè díẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀rá tí ó pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ lè fà á, ọtí lè fà á, parasitámọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ jù, àìsàn hẹpatáítìsì, kódà eré ìdárayá líle tí ènìyàn ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àyẹ̀wò. Ewé àti egbò náà lè fà á. Estradiol ní ìwọ̀n tí dókítà ń kọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábàá ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni spironolactone. Ohun tí a máa ń ṣọ́ nínú spironolactone ni èròjà potassium, nítorí oògùn náà kì í jẹ́ kí ó jáde tó nínú ìtọ̀, èyí tí ó bá sì pọ̀ jù lè da lílù ọkàn rú. Tí ó bá jẹ́ cyproterone tàbí bicalutamide, àwọn oògùn mìíràn tí ń dí họ́móònù ọkùnrin lọ́wọ́, ni ó ń lò, èmi gan-an ì bá fi ìbẹ̀rù dáhùn, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ti ṣe ẹ̀dọ̀ àwọn kan léṣe.

Ohun tí a bá gbé mì, láti inú ìfun ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀ kí ó tó tàn ká ara. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń fẹ́ràn estradiol tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn lè dì. Tí ó bá wù ú láti yí padà sí ìyẹn, kí ó bi dókítà rẹ̀, kí ó má ṣe dá a ṣe.

Ọ̀rọ̀ àgbo wá kàn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ oògùn, ọtí àti ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ewé tí ń fọ ẹ̀dọ̀. Àgbo tí ẹ bá fi ránṣẹ́, iṣẹ́ tuntun ni ẹ fi kún iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni èyí: ká ní ọmọ yín mu ún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, tí nọ́ńbà náà sì tún gòkè sí i, ta ni yóò ru ẹ̀bi? Dókítà tí kò mọ̀ nípa àgbo yóò wo họ́móònù, ó sì lè dá a dúró fún un. Ewé ni yóò ṣẹ̀, họ́móònù ni yóò jìyà rẹ̀, ọmọ yín ni yóò sì pàdánù oògùn tí ó ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ẹ bi í léèrè ohun kan fún mi: ṣé kò ti ń lo egbòogi tàbí kápúsù kankan tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́wé láti Bùnú fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, mà. Ọjà ni màmá mi ti fi ewé títà tọ́ wa dàgbà, nítorí náà n kò ní sọ pé ewé kò ní agbára. Oògùn ibà tí gbogbo ilé ìwòsàn ń lò báyìí, artemisinin, ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti yọ ọ́. Agbára yẹn gan-an ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Màmá mi kì í wọn àgbo fún ènìyàn láìkọ́kọ́ bi í pé kí ni ó ń lò lọ́wọ́, ẹni tí ó bá sì ní oògùn dókítà lọ́wọ́, ó máa ń dá a padà.

Ìgò tí ó ń rùn bí ògógóró, ẹ dà á nù. Ẹ kò lè fi ọtí tọ́jú ẹ̀dọ̀. Àgúnmu inú ike ni ó tún kọ mí lóminú jù: a kò mọ ohun tí wọ́n gún pọ̀, àwọn mìíràn sì ti ń da oògùn òyìnbó mọ́ tiwọn kí ó lè ṣiṣẹ́ kíá. Ẹ wo iṣu tí a sá sórí àpáta tí òjò sì pa: funfun ni ẹ ó rí lóde, èbu ti wà nínú. Egbò tí kò gbẹ dáadáa máa ń hu èbu bẹ́ẹ̀, májèlé aflatoxin tí irú èbu kan máa ń ṣe sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àmì NAFDAC tí ó wà lára àwọn kan kò tó ẹ̀rí. Tí ẹ bá ka lẹ́tà kékeré tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Orógbó àti ewúro, inú eku ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé wọ́n lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Eku kì í gbé estradiol mì. Ewúro inú ọbẹ̀ kò ní ìṣòro. Omi rẹ̀ kíki tí a fún, tí a ń mu ní ago kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, ni mo ń sọ pé kí ó ṣọ́ra fún. Ẹ tún kíyè sí àsúnwọ̀n: tí ó bá fún ènìyàn ní ìgbẹ́ gbuuru, oògùn tí ó gbé mì lè má dúró nínú rẹ̀.

Ìyá Kabba fèsì:

Mo pè é lálẹ́ àná. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni ó wá jẹ́wọ́ pé láti ìgbà òtútù ni òun ti ń mu tíì ewéko St John's wort nítorí pé inú òun kò dùn, àti kápúsù atalẹ̀ pupa tí wọ́n fi ata dúdú sí, nítorí ẹnìkan ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Kò sọ ọ́ fún dókítà. Ó ní egbòogi lásán ni.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú fèsì:

Ẹ ṣeun tí ẹ bi í, mà. N kò lè jókòó sí Ìjùmú kí n dá ẹjọ́ ẹ̀dọ̀ tí ó wà ní Kánádà, ṣùgbọ́n kí ó pe dókítà tàbí apòògùn rẹ̀ lónìí, kí ó má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. St John's wort máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ estradiol sí wẹ́wẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ họ́móònù tí ó ń gbé mì lè má tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọsàn gírépù ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ní ti atalẹ̀ pupa, èyí tí a ń sè sínú oúnjẹ kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àkọsílẹ̀ wà nípa àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣàìsàn gidi lẹ́yìn kápúsù rẹ̀, ata dúdú sì ń mú kí púpọ̀ rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Kí ó sọ bí inú rẹ̀ ṣe bàjẹ́ ní ìgbà òtútù náà fún wọn pẹ̀lú. Ìtọ́jú wà fún ìyẹn.

Tí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ti ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí tíì, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ọ̀tún bá ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ará Yàgbà ní London fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Irú ọ̀nà ọmọ yín ni èmi náà ń rìn, ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni èmi ń lọ, abẹ́rẹ́ testosterone ni mo ń gbà. Tèmi, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki sí ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Mo ya fọ́tò gbogbo ìgò, páálí àti tíì tí ó wà ní ilé mi, títí kan ọṣẹ dúdú tí màmá mi fi ránṣẹ́, mo sì fi han apòògùn. Kò rẹ́rìn-ín mi. Ó mú méjì jáde nínú rẹ̀. Kí ọmọ yín náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì bi wọ́n bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítìsì B, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí ní Nàìjíríà ṣáájú 2004 ni wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ náà ní kékeré.

Ìyá Kabba fèsì:

Ó ti ya fọ́tò náà, apòògùn sì ti bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ó fi kápúsù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, dókítà yóò sì rí i lọ́jọ́ Tuesday nítorí tíì náà. Ìgò ògógóró ti wà nínú kòtò lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gúsí àti irú ni aládùúgbò mi yóò gbé lọ sí Toronto. Orógbó náà ṣì wà lórí tábìlì, mo ń wá ẹni tí ó fẹ́ fi sin ìyàwó.