Ṣáàfù iwájú ń ró, mọ́tò sì tún ń gbọ̀n: orí wo ló bàjẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó mọ̀ nípa mọ́tò. Camry ọdún 1999 ni mò ń wà, gíà ọtomátíìkì. Kubwa ni mò ń gbé, Garki ni ibi iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ la jọ ń rìn.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, bí mo bá yí sítíárì dé òpin láti yà sósì, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún á máa ró kọ̀-kọ̀-kọ̀. Tí mo bá lọ tààrà, kò ró. Mo yọjú wo abẹ́ rẹ̀: rọ́bà tó bo orí ṣáàfù (irin tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí táyà; ó ní orí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà àti orí inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà) níbi táyà ti ya, gírísì sì ti ta kún inú ríìmù. Èyí yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé bí mo bá tẹ tọ́tù láti 60 lọ sí 80, gbogbo mọ́tò á gbọ̀n, àyà mi á sì já. Kí n kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò, á dákẹ́.

Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ ball joint (oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá ìsàlẹ̀ mọ́tò), owó yẹn ṣòfò. Mo ti ṣe alaimẹ́ǹtì àti balance táyà. Mo gbé e sórí jáàkì, mo mi táyà lókè nísàlẹ̀, kò mì.

Ní ọgbà mẹkáníìkì Apo, ẹnì kan ní kí n ra ṣáàfù tòkunbọ̀ méjèèjì, ẹlòmíràn ní engine seat (rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé) ni. Owó ọwọ́ mi kò ju ti ṣáàfù kan lọ.

Ṣé orí ìta tó ń ró yìí lè fa gbígbọ̀n náà, àbí orí inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ló ti jẹ? Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí engine seat kí n tó náwó?