Èsì: òtútù kọ́ ni iṣẹ́ náà, ọkọ̀ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Arábìnrin wa tó wà ní Kánádà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń kọ ìwé pélébé ní Yorùbá fún àwọn ọmọ wọn lórí ìtọ́jú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan tí wọ́n fi fáíbà ṣe, wọ́n wá béèrè pé kí la máa pe fáíbà yẹn gan-an, kí la sì máa pe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ kí ìgbà yìnyín tó dé. Àbá tó wà nílẹ̀ títí di àná: "òwú dígí" fún ti àkọ́kọ́, fún èkejì, ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn mú "ìmúra òtútù" wá, ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan sì ní ká kúkú pè é ní "ìmúra ọyẹ́". Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kọ̀wé ní tèmi, létí ọ̀sà, mo sì ní iyàn díẹ̀ bá gbogbo wọn jà.

Ẹ jẹ́ n tètè mú ti dígí kúrò nílẹ̀. "Òwú dígí" dáa, àmọ́ ìdajì nǹkan ló dárúkọ. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń lẹ ọkọ̀ á mọ̀ pé nǹkan méjì ló ń pàdé níbẹ̀: aṣọ funfun kan tó máa ń yún ni lára, tó jẹ́ dígí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì fà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, àti oje kan tó ki, tí òórùn rẹ̀ ń gbóni nímú. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun oje yẹn sórí aṣọ títí aṣọ á fi mu ún yó, tí funfun rẹ̀ á pòórá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kùn ún, wọ́n á ti kán nǹkan mìíràn sínú oje náà, bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń mú un le. Bí oòrùn bá mú, tí wọ́n sì kán an jù, oje á dì pa sínú agolo kí wọ́n tó kun ìdajì. Àbá mi: aṣọ yẹn ni òwú dígí, èkejì ni oje, ohun tó ń mú un le ni amójele. Ọkọ̀ tó ti parí, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ fáíbà lọ, torí kò sẹ́ni tó máa lọ sí ọjà lọ ra ọkọ̀ òwú dígí. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn lórí oje. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní òjé ti fi irin tó wúwo kan ọkọ̀, ọkọ̀ yẹn ò sì níí dé Kútọnu.)

Wọ́n tún béèrè orúkọ fún àìsàn tó máa ń mú fáíbà tó ti pẹ́ nínú omi. Ìyẹn ò tó nǹkan tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún: ara ọkọ̀ lé ròrò ni. Omi á máa yọ́ wọ awọ òde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á bá àwọn èròjà tó lè yọ́ nínú oje pò, á wá máa ti awọ síta. Bẹ́ ẹ bá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ bẹ́ ọ̀kan, omi tó ń rùn bí ọtí kíkan ló máa tú jáde, á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ìléròrò ni, ó parí. Ìdí ọkọ̀ náà ti lórúkọ, ibi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Pákó ló sábà máa ń wà láàárín fáíbà níbẹ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́, pákó yẹn ló sì ń jẹrà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án lọ bọ̀: ibi tó yè á dún kó, kó, ibi tó ti rà á dún bù. Ó wù mí kí ìwé náà kọ ìró méjèèjì yìí bó ṣe rí, torí òun ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa gbọ́.

Ti ìgbà yìnyín ló le. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ní Kánádà ọ̀hún? Omi tó bá dì máa ń fẹ̀, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá dì sínú irin ẹ́ńjìnnì, irin á là. Nítorí náà wọ́n á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á da omi tí kì í tètè dì sí i. Wọ́n á tún fín òróró sínú sílíńdà kó má dógùn-ún, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì ìdí pòpélà (tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ ibẹ̀ nìyẹn), wọ́n á ro ti bẹntiróòlù tó kù nínú táńkì, wọ́n á tú bátìrì gbé wọlé, wọ́n á fi tapólì bo ọkọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: méjì àkọ́kọ́ nìkan ló kan òtútù gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, torí pé ọkọ̀ fẹ́ jókòó fúngbà pípẹ́ láìṣiṣẹ́ ni.

Omi ò dì rí ní ọ̀sà Àjàṣẹ́. Iyọ̀ ló ń bá ẹ́ńjìnnì jà níbí. Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti la ẹnu omi ní Kútọnu ní 1885 ni òkun ti ń ráyè wọ ọ̀sà Nokoué, tó so mọ́ tiwa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á sún dé ọ̀dọ̀ wa, bí odò Wẹmẹ bá sì kún, á gbá a padà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá fẹ́ sinmi, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ́ọ̀mù omi kànga, wọ́n á tan án, wọ́n á dúró wò ó títí tá á fi máa tọ̀ gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí kò bá tọ̀, iyọ̀ ti dí ojú ọ̀nà omi rẹ̀ tàbí rọ́bà inú póńpù ti gé. Lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ̀pá epo, wọ́n á jẹ́ kó jó kpayo (bẹntiróòlù ojú títì wa) tó kù nínú kàbúrétọ̀ tán, torí kpayo tó bá sùn síbẹ̀ á di gọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ kan náà, kò sí yìnyín níbẹ̀.

Orúkọ ọyẹ́ tún burú ju ti òtútù lọ, kí ará Ṣábẹ̀ẹ́ má bínú. Ìgbà ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ara fáíbà lè gbẹ kí wọ́n tó tún un lẹ̀. Ìgbà àtúnṣe ni níbí, ìgbà ìpalẹ̀mọ́ kọ́. Àwa tá a ka ìwé Faransé tiẹ̀ ti rí irú ẹ̀ rí: hivernage ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí létí omi ilẹ̀ Faransé, àmọ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Málì, ìgbà òjò ni hivernage.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn fi Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù ń wá èbúté tí wọ́n máa lo ìgbà òtútù ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjì ni wọ́n ń sá fún, omi ò dì mọ́ wọn nínú ẹ́ńjìnnì. Orí kan náà ló sì ní ìdákọ̀ró mẹ́rin tí wọ́n jù sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀. Ìdákọ̀ró: ohun tó ń ṣe fún ọkọ̀ ni wọ́n fi pè é, wọn ò pè é ní irin ìjì. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ tọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe iṣẹ́ yìí ní ìfàkọ̀gòkè, torí "ẹ fa ọkọ̀ gòkè" yé ẹnikẹ́ni létí omi. Ẹnì kan lè ní ìgúnlẹ̀ ti wà. Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsinmi pípẹ́.

Èyí tó kù tí mi ò lè gbà rárá ni orúkọ tí wọ́n fún omi tí kì í tètè dì: "oògùn òtútù". Ní ilé wa, oògùn òtútù ni ohun tí wọ́n ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Oríṣi omi yìí méjì ló sì wà: ọ̀kan, wọ́n fi èròjà tí majele rẹ̀ kéré ṣe é, èkejì, tó wọ́pọ̀ nínú mọ́tò, ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pa kídìnrín, ó ń pa ajá, ó ń pa ọmọdé. Ẹ fojú inú wo jálá rẹ̀ nílé, kí wọ́n fi Yorùbá kọ oògùn sí i lára. Omi-àìdì ni èmi mú wá. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e sílẹ̀ kí ìwé arábìnrin wa tó jáde, kí oògùn ṣáà má ti sí nínú rẹ̀.