Ta ni kó gbapò Màmá nílé àwọn ọmọ abẹ́ afárá?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ẹgbẹ́ aláàánú kan l'Ékòó, tó ń gba àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ afárá ní Òṣòdì sílé. Màmá tó dá a sílẹ̀ ti dàgbà, wọ́n fẹ́ sinmi. Ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ni wọ́n fẹ́ kó gbapò.

Èèyàn dáadáa ni arákùnrin náà, ó sì mọ ètò owó. Àmọ́ àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni òṣìṣẹ́ wa kan tí òun náà ti sun abẹ́ afárá rí. Bí ọmọ kan bá sá padà sí gáréèjì lóru, òun ló máa ń wá a lọ, òun náà ló sì mọ ohun tó lé e jáde nílé bàbá rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ló kà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ìyẹn ò tó.

Òfin CAMA ọdún 2020, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan ni owó àti dúkìá ẹgbẹ́ wà fún, nítorí náà ilé yìí kì í ṣe ogún ẹbí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí Màmá tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn tí kò ní dà bí àrífín?

Ṣé ká fi ọ̀kan sídìí owó, èkejì sídìí àwọn ọmọ? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pàṣẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá dọ́gba?