Averescu kì í ṣe "ajagunfẹ̀yìntì-dòṣèlú"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Nínú ìtàn ìgbésí ayé Alexandru Averescu tí arákùnrin wa kan fi ránṣẹ́, "ajagunfẹ̀yìntì-dòṣèlú" ló pe ọ̀gágun ilẹ̀ Romania náà, nítorí pé ó di mínísítà. Ọ̀rọ̀ náà kò bá mi lára mu rárá, "fẹ̀yìntì" tó wà láàárín rẹ̀ ló sì bà á jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Averescu kò tíì kúrò nígbà tó di mínísítà. Ní oṣù kẹta ọdún 1907, nígbà tí ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Flămânzi ti ràn káàkiri, ni wọ́n fi í ṣe mínísítà ogun. Òun ló darí àwọn ọmọ ogun tó tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, tí wọ́n yin àgbá lu àwọn abúlé, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ṣòfò ẹ̀mí. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1909, ó padà sáàárín àwọn ológun, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 1917, òun ló kó Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kejì jà ní Mărăști, tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Jámánì àti Austria sẹ́yìn. Èwo ni ti ìfẹ̀yìntì nínú èyí?

Arákùnrin wa fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń pe Buhari. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Buhari ti bọ́ aṣọ ogun kí ó tó dupò ní 2003. Nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ológun ní 1984, ta ló pè é ní ajagunfẹ̀yìntì?

Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a máa ní kí a kọ́kọ́ bi ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọ̀rọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Èmi fara mọ́ "ajagunṣèlú": ó ń jagun, ó sì ń ṣèlú, ìkan kò lé ìkejì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn ayé Látòósà rí, níbi tí ẹni tó ń kó ogun lọ ti ń darí ìlú.

Ní ti ẹni tó ní kí a fi "òjíṣẹ́" rọ́pò "mínísítà", kí ó sọ fún wa bí a ó ṣe yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òjíṣẹ́ Ọlọ́run.